Baba Ìfáàrà àti Ohùn Bíríkìlà

Mi ò ní ṣe ìfáàrà. Ọkùnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín ti lo gbogbo ìfáàrà tó wà nílùú tán, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù fún àwa tó kù. Òun ni Olùdarí Àgbà Ilé-iṣẹ́ Ìtàn àti Ohun Àjogúnbá. Bó bá fẹ́ kí èèyàn ní òwúrọ̀, yóò kọ́kọ́ sọ bí òwúrọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ láyé. Bó bá fẹ́ mu omi, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ife, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé ife wá, yóò wá ṣàlàyé ìdí tí òǹgbẹ fi lè gbẹ irú èèyàn bíi tirẹ̀. Lójú rẹ̀, Ẹni Iyì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, Baba Ìfáàrà ni wọ́n ń pè é. Èmi náà ò ní pè é ní nǹkan mìíràn, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà.

Yàrá mẹ́sàn-án ló wà nílé-iṣẹ́ náà, òṣìṣẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sì ń há ara wọn mọ́ inú mẹ́fà. Mẹ́ta yòókù jẹ́ ti Baba Ìfáàrà: ọ̀kan tó ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan tó ti ń sinmi iṣẹ́, àti ọ̀kan tó kún fún àwòrán níbi tó ti ń bọ àwọn èèyàn pàtàkì lọ́wọ́. Nínú mẹ́sàn-án lára àwọn àwòrán náà, ó ti ní kí wọ́n gé èèyàn pàtàkì náà kúrò kí ojú tirẹ̀ lè hàn dáadáa. Ọwọ́ nìkan ló ṣẹ́ kù, tó ń ti ẹ̀gbẹ́ àwòrán yọ jáde.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó bá mi dé iwájú. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ẹnu sọ ìròyìn burúkú fún Baba Ìfáàrà. Lẹ́tà ni kó kọ, ojú ìwé mẹ́ta gbáko: oríyìn lójú ìwé kìíní, lójú ìwé kejì, ìdúpẹ́ pé wọ́n gba oríyìn náà, lójú ìwé kẹta, ìròyìn burúkú fúnra rẹ̀, ní ṣókí àti pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Òfin náà ò burú. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé Baba Ìfáàrà kì í kà ju ojú ìwé kìíní lọ. Bó bá ti kà á tán, á mí kanlẹ̀, á ṣí ìwé dé ìparí, á kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, “Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀,” á sì fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni òrùlé yàrá ìwé ṣe jò fún ọdún méjì. Lẹ́tà mẹ́rìnlá ló wà nílẹ̀ tí ọ̀gá ti fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́rìí pé ó ń jò.

Akọ̀wé ló ń kọ àwọn lẹ́tà yìí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí ọrùn rẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mi orí ní “bẹ́ẹ̀ ni” láìdúró kí orí fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Nínú yàrá tó kéré jù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ni obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Agbohùnsílẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi gbé ẹ̀rọ kékeré kan kiri ilé àwọn àgbàlagbà, tó ń gba ohùn wọn sílẹ̀: aránṣọ tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ ra kẹ̀kẹ́ ìránṣọ nílùú, afọ́jú tó ń tún rédíò ṣe, agbẹ̀bí tó gba ìdajì àdúgbò lọ́wọ́ ìyá wọn. Èèyàn méjìlélógójì. Ó kó ohùn wọn sínú áàpù kan tó pè ní Ohùn Ìlú. Níwájú gbogbo ibi àtijọ́ tó wà nílùú, wọ́n kan pátákó kékeré kan tó ní àmì onígun mẹ́rin dúdú-funfun. Bí o bá gbé fóònù rẹ sí i, ohùn ẹni tó mọ ibẹ̀ á jáde, á sọ ẹni tó kọ́ ọ fún ọ, ẹni tó jà níbẹ̀, àti ẹni tó gba ojú fèrèsé sá lọ. Bí ìwọ náà bá ní àfikún, wàá fọwọ́ kan àwòrán máìkì, wàá sọ tìrẹ.

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, Màmá Bíríkìlà á dé. Ìyá náà ti lé díẹ̀ lọ́gọ́rin ọdún. Ọkọ rẹ̀ ni bíríkìlà tó mọ afárá òkúta tó wà láàárín ìlú. Agbohùnsílẹ̀ gba ohùn ọkùnrin náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó kú. Fóònù kékeré tí Màmá ní, ìpè ló mọ̀ ọ́n gbà, kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, á wá jókòó sórí àga oníke nínú yàrá kótópó yẹn, á gbé ohun ìgbọ́rọ̀ lé etí lórí ìborí rẹ̀, á sì gbọ́ ọkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà mìíràn á rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn á ní, “Irọ́ nìyẹn, kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì.” Bó bá parí, á fi etí aṣọ rẹ̀ nu ohun ìgbọ́rọ̀, á ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Ara ẹ̀ ṣì le,” bí ẹni tó lọ kí aláìsàn nílé ìwòsàn. Kò sí ibòmíràn láyé tí ohùn ọkùnrin náà wà. Òfin ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀dà ohùn kankan mú lọ sílé. Òṣìṣẹ́ tó ṣe irú ẹ̀ kẹ́yìn ṣì ń wá iṣẹ́ títí di òní.

Gbogbo èyí ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, Baba Ìfáàrà ò sì mọ̀ sí i, títí tí lẹ́tà fi dé pé Mínísítà ń bọ̀ wá ṣí Ohùn Ìlú lọ́jọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Lẹ́tà Mínísítà jẹ́ ojú ìwé kan ṣoṣo, ìyẹn ló jẹ́ kó kà á.

Ó ránṣẹ́ pe Agbohùnsílẹ̀.

“Ọmọ mi,” ó ní, ó sì káwọ́ sẹ́yìn, ó ń rìn lọ rìn bọ̀, “kí n tó béèrè ohun tí mo fẹ́ béèrè, ó yẹ kí o mọ̀ pé ìbéèrè ni ìyá ìmọ̀. Bí ìbéèrè bá jẹ́ ìyá, ẹni tó ń béèrè ni bàbá. Bí mo bá wá jẹ́ bàbá, ìwọ kí ni?”

“Mi ò mọ̀, sà.”

“Ìdáhùn tó dáa nìyẹn. Ohùn ta ló kọ́kọ́ ń jáde nínú nǹkan yìí?”

“Ti ẹni tó dàgbà jù ni, sà.”

“Tèmi ńkọ́?”

“Tiyín ò sí níbẹ̀, sà.”

Akọ̀wé fara ti ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: Ohùn Ìlú ni wọ́n pe nǹkan, ohùn Baba Ìfáàrà ò sì sí níbẹ̀. Lójú tirẹ̀, ó dà bí ìgbà tí wọ́n se ọbẹ̀ tí wọn ò fi omi sí i.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ilẹ̀ àti omi kọ́kọ́ pínyà, ó sì dé orí ìbí ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọkànlá. Ní ogójì ìṣẹ́jú, ó dé orí afárá. Kí ẹ mọ̀ pé ojú ẹsẹ̀ ọkùnrin kan wà láàárín afárá náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún, tó rì sínú sìmẹ́ńtì. Baba Ìfáàrà ti fi gíláàsì bò ó láti ọdún tó kọjá, òṣìṣẹ́ tó bá sì ń gba ibẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ tẹrí ba. Ó ní, “Bàbá tó bí mi lọ́mọ ló mọ afárá yìí. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi mọ ọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi lu èdìdì sí i. Ọwọ́ òun ẹsẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló tún kù lára ẹ̀dá?”

Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. Àṣẹ kìíní: kí ohùn rẹ̀ wà ní gbogbo pátákó tó wà nílùú, títí kan ti ilé ìgbẹ̀bí. Àṣẹ kejì: kí áàpù máa to ohùn bí àwọn èèyàn bá ṣe ń gbọ́ wọn sí, kí èyí tí wọ́n bá gbọ́ jù máa jáde ṣíwájú, kí Ohùn Ìlú lè fi ohun tí ìlú fẹ́ hàn. Kí ìlú má baà fẹ́ nǹkan mìíràn, ó ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gbọ́ ọ̀rọ̀ òun lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta lọ́nà mẹ́wàá jẹ́ wákàtí mẹ́jọ ó dín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wá kù fún ohun àjogúnbá.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà kì í ṣe òpè. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ ọ̀gá, wọ́n ti fóònù mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, gbogbo dúrọ́ọ̀ ilé-iṣẹ́ náà ń kùn. Àlejò tó bá wọlé á máa wo abẹ́ tábìlì.

Àṣẹ kẹta: kí wọ́n yọ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dá ohùn dúró kúrò. “Ta ni yóò dá mi dúró?” ló ní. Ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n fi àwòrán máìkì sílẹ̀ bó ṣe wà, torí ó dá a lójú pé ìyìn ń bọ̀, ìyìn sì gbọ́dọ̀ rọ́nà wọlé.

Àṣẹ kẹrin ló dun èèyàn. Agbohùnsílẹ̀ ní ààyè inú áàpù ti fẹ́ẹ̀ kún, pé ọ̀rọ̀ gígùn yẹn lórí gbogbo pátákó ti jẹ ààyè tán. Baba Ìfáàrà ní kí ni gbogbo èyí tó kù níbẹ̀. Wọ́n tẹ mẹ́ta fún un nínú ohùn àwọn àgbàlagbà. Ewúrẹ́ ń ké nínú èkíní. Nínú èkejì, afọ́jú náà ní òun ò rántí mọ́, kí wọ́n lọ bi ìyàwó òun. Ẹ̀kẹta ni ti bíríkìlà, bíríkìlà sì wúkọ́.

“Ìtàn kì í wúkọ́,” ni Baba Ìfáàrà wí. “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí Mínísítà rí bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Bó bá ti ṣí i tán lọ́jọ́ Ajé, ẹ pa gbogbo wọn rẹ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹni mẹ́sàn-án ti kú nínú wọn. A ò lè rí wọn gbà sílẹ̀ mọ́.”

“Ẹni tó ti kú, ta ló ní kó ṣì máa sọ̀rọ̀?”

Agbohùnsílẹ̀ kọ lẹ́tà olójú ìwé mẹ́ta. Ó pọ́n ọn lé lójú ìwé kìíní débi tí ojú fi tì í fúnra rẹ̀. Lẹ́tà padà dé ní ọ̀sán ọjọ́ náà: “Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.” Àṣẹ ò yí padà.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ajé náà, Màmá Bíríkìlà dé ní aago mẹ́wàá. Agbohùnsílẹ̀ jẹ́ kó gbọ́ ọkọ rẹ̀ tán kó tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

“Màmá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ lè má bá a níbí mọ́.”

“Níbo ló ń lọ?”

“Wọ́n ní ká pa á rẹ́ ni, mà. Lọ́jọ́ Ajé.”

 Màmá di ohun ìgbọ́rọ̀ mú lórí itan rẹ̀. “Kí ni wọ́n fẹ́ fi síbẹ̀?”

“Ọ̀rọ̀ ọ̀gá wa ni.”

“Tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́. Bó bá dáa ju ti ọkọ mi lọ, mo máa gbà.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, Màmá sùn. Ní ìṣẹ́jú kejìdínlógójì, ó jí, ó ní, “Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?” Bó ṣe kan orí afárá, tí Baba Ìfáàrà sọ̀rọ̀ dé ọwọ́ bàbá rẹ̀ àti èdìdì ẹsẹ̀, Màmá yí ojú sí Agbohùnsílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ìborí rẹ̀ fi tú. Àwọn òṣìṣẹ́ sáré yọjú láti yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n rò pé ara ìyá náà ò yá.

“Ọmọ mi,” ó ní, ó ń nu ojú, “níbo ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ sí i?”

“Ẹ fọwọ́ kan àwòrán máìkì yìí ni. Ṣùgbọ́n Màmá, ó lè dé etí ọ̀gá o.”

“Ṣebí etí la ń torí ẹ̀ sọ̀rọ̀.”

Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀. Ó tún ìborí rẹ̀ wé, ó dágbére, ó lọ. Mi ò tíì ní sọ ohun tó sọ fún yín. Ẹ ní sùúrù, Mínísítà ò tíì gbọ́, ẹ̀yin ò sì ju Mínísítà lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ò dúró gbọ́ tiwa. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, obìnrin kan tó ń kọjá lórí afárá gbé fóònù sí pátákó, ó gbọ́ ọ, ó jókòó sílẹ̀ níbi tó dúró sí. Ó fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi han onígbàjámọ̀. Onígbàjámọ̀ tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó sì gé irun oníbàárà kan jù torí ẹ̀rín. Àwọn olùkọ́ gbọ́ ọ, àwọn nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ, awakọ̀ kan gbọ́ ọ, ó ní kí gbogbo èrò ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ẹsẹ̀ kí wọ́n tó máa lọ. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Tọjọ́ yẹn ò kùtà rárá, ńṣe ni wọ́n tò láti gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá sì ti gbọ́ ti Màmá tán, wọ́n á tẹ ti ọkọ rẹ̀, torí Màmá ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Akọ̀wé wo iye rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Baba Ìfáàrà: ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, dúrọ́ọ̀ ló gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohùn bíríkìlà: ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Ohùn Màmá: ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá, ó sì ń gòkè lọ. Akọ̀wé dìde. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá, ó gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn, ó rántí òfin, ó padà lọ kọ lẹ́tà.

Baba Ìfáàrà ń fi ọjọ́ náà kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní àtẹ́wọ́. Ó ti pín wọn sí méjì: ẹgbẹ́ kìíní á máa pàtẹ́wọ́, ẹgbẹ́ kejì á máa nu omijé ní ìṣẹ́jú kọkànlá, níbi tí wọ́n ti bí i. “Kì í ṣe ẹkún òkú,” ó ń sọ fún ẹgbẹ́ kejì. “Ẹkún ayọ̀ pé wọ́n bí mi ni. Ẹ fi ẹ̀rín díẹ̀ sí i.” Ó gba lẹ́tà Akọ̀wé láàárín ẹkún kan sí èkejì. Ó ka ojú ìwé kìíní sókè kí gbogbo wọn gbọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó ṣí i dé ìparí, ó fọwọ́ sí i. Ọrùn Akọ̀wé mì ní “bẹ́ẹ̀ ni,” ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ tí ohùn ò sì jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé pé. Èrò kún afárá dé etí odò lápá méjèèjì. Baba Ìfáàrà rò pé òun ni wọ́n wá gbọ́, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbọ̀n. Ó ti so sípíkà ńlá mẹ́rin mọ́ òpó, ó ní kí wọ́n so wọ́n mọ́ áàpù náà, kí ẹni tó wà ní òkè odò má baà ní òun ò gbọ́. Mínísítà dé, obìnrin kúkúrú kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Baba Ìfáàrà gba máìkì, ó ní òun fẹ́ ṣe ìfáàrà díẹ̀ fún ìfáàrà tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, Mínísítà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó rìn lọ síbi pátákó fúnra rẹ̀, ó gbé fóònù sí i.

Ẹgbẹ́ kìíní gbé ọwọ́ sókè. Ẹgbẹ́ kejì yọ áńkáṣíìfù. Ohùn ìyá arúgbó kan jáde láti inú sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin:

“Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́. Èmi ni ìyàwó bíríkìlà tó mọ afárá yìí. Ọkọ mi ti sọ tiẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbọ́ ọ. Àmọ́ nǹkan kan wà tí kò sọ. Ẹsẹ̀ tó wà láàárín afárá yẹn, ti ọ̀gá kan tí wọ́n rán wá wo iṣẹ́ ni. Bàtà funfun ló wọ̀. Mo gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ mi lọ́jọ́ yẹn, ojú mi kòrókòró ló ṣe. Ọkọ mi ní, ‘Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ ibẹ̀, sìmẹ́ńtì ò tíì gbẹ.’ Ọ̀gá ní, ‘Ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀?’ Ó bá gbé ẹsẹ̀ lé e. Ó rì dé ọrùn ẹsẹ̀.”

Baba Ìfáàrà pariwo pé kí wọ́n dá a dúró. Agbohùnsílẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì hàn án. Kò sí bọ́tìnnì. Ẹ̀yin ẹ mọ ẹni tó ní kí wọ́n yọ ọ́.

“Èèyàn mẹ́rin ló fà á,” ni Màmá ń bá lọ. “Ẹsẹ̀ jáde, bàtà ò jáde. Ọkọ mi kàn da sìmẹ́ńtì díẹ̀ lé bàtà yẹn lórí ni, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ọ̀gá wá ń sunkún, ó ní òun ò lè wọ bàtà ẹsẹ̀ kan rìn láàárín ìlú. Ọkọ mi ló pọ̀n ọ́n délé. Títí tó fi kú, kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ó ní ọkùnrin yẹn lọ́mọ nílùú yìí, ká má dójú ti ọmọ ẹ̀. Ọmọ ọ̀hún ló wá ní kí wọ́n pa ohùn ọkọ mi rẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ó dáa náà. Ẹnu tó bò ó láṣìírí ló ní òun ò fẹ́ gbọ́ mọ́, kó wá gbọ́ tèmi. Ó tó bẹ́ẹ̀.”

Ẹgbẹ́ kìíní pàtẹ́wọ́. Èyí tí wọ́n ti kọ́ ti wọ̀ wọ́n lára, wọn ò rí i dá dúró. Ẹgbẹ́ kejì ń nu omijé, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n fi ẹ̀rín sí i.

“Ọjọ́ Ajé wo nìyẹn?” Mínísítà béèrè.

“Òní ni, mà,” Akọ̀wé dáhùn.

“Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n pa ohùn rẹ́?”

Baba Ìfáàrà tún ẹ̀wù ṣe. “Kí n tó dáhùn, olórí iyì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́...”

“Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìparí,” ni Mínísítà wí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọkùnrin yìí, kò bẹ̀rẹ̀ láti ìparí rí. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á. Gbogbo ìlú dúró láti gbọ́ ohun tó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìfáàrà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé, wọ́n sì rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà dé, ohun tó sọ ni pé, “Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.”

Ọrùn Akọ̀wé ṣe ohun tí kò ṣe láti ọdún mẹ́tàdínlógún: ó mì sọ́tùn-ún, ó mì sósì. Ó yọ lẹ́tà ọjọ́ Ẹtì láti inú fáìlì, ó gbé e fún Mínísítà. Mínísítà kì í ka ìwé láti iwájú. Ó ṣí i sí ojú ìwé kẹta, ó sì kà á sókè: “Ìyá kan ti sọ fún ìlú pé bàbá Ẹni Iyì kọ́ ló mọ afárá, pé sìmẹ́ńtì tútù ló tẹ̀, wọ́n sì pọ̀n ọ́n lọ sílé. Èèyàn tó ti gbọ́ ọ ju ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá lọ. Ohùn náà ni yóò jáde lọ́jọ́ Ajé bí a ò bá ṣe nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, sà.” Ó yí ìwé náà sí ìmọ́lẹ̀. “Nísàlẹ̀, pẹ̀lú ìfọwọ́sí: ‘Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.’”

Ẹ̀rín tó ta lórí afárá lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn ẹyẹ abẹ́ afárá ò padà wálé fún ọjọ́ méjì. Bí ẹ̀rín ṣe ń rọlẹ̀, áàpù bọ́ sí ohùn tó tẹ̀ lé e, bó ṣe máa ń ṣe bí kò bá sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ohùn bíríkìlà ni. Ó kọ́kọ́ wúkọ́. “Inú odò yìí náà la ti kó òkúta rẹ̀,” ó ní. “Àwa méje la mọ ọ́n. Mẹ́fà ti lọ. Èmi ni mo kù tí mò ń dí ọ̀nà.” Ẹ̀rín tán. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko ni gbogbo wọn fi dúró lórí òkúta tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, Mínísítà náà dúró, kò sì sẹ́ni tó wá ibi tí bọ́tìnnì wà.

Wọn ò lé Baba Ìfáàrà kúrò níṣẹ́. Mínísítà ní ẹ̀bùn irú tirẹ̀ ò yẹ kó ṣòfò, ó sì fi í ṣe olùtọ́jú ilé tí ìjọba ń kó àga sí. Irínwó àga ló wà níbẹ̀, ó ti to gbogbo wọn kọjú sí ara rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá ní àwọn ń gbọ́ ọ láàárọ̀. Ara àga ló gbà á, torí àga ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, síbẹ̀ kò lè sá.

Agbohùnsílẹ̀ gba yàrá méjì nínú mẹ́ta tí ọ̀gá fi sílẹ̀. Wọ́n fẹ ààyè, wọ́n dá bọ́tìnnì padà, àwọn àgbàlagbà sì ń wá fúnra wọn báyìí láti wá sọ tiwọn, ewúrẹ́ ń bẹ níbẹ̀, ikọ́ ń bẹ níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kó pa ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta yẹn rẹ́. Ó kọ̀. Ó ní iṣẹ́ òun kọ́ ni kí òun pa ohùn èèyàn rẹ́. Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ lè wá a bí oorun ò bá kùn yín.

Wọ́n tún yí òfin ẹ̀dà padà. Ọmọ-ọmọ Màmá kan ra fóònù ńlá fún un, wọ́n gbé ohùn bíríkìlà síbẹ̀, wọ́n sì kọ́ ọ bó ṣe máa tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá wù ú. Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá lù, Màmá sì dé, fóònù lọ́wọ́, ó jókòó sórí àga oníke.

“Màmá,” Agbohùnsílẹ̀ ní, “ṣé kò ṣiṣẹ́ nílé ni?”

“Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.” Ó ń wo fóònù náà. “Ibì kan wà nínú ẹ̀ tó ti ní kí n bu omi wá fóun. Nílé, bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo máa ń dìde. Mo ti gbé omi dé ẹnu ọ̀nà yàrá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí kí n tó rántí.”

Agbohùnsílẹ̀ gbé ohun ìgbọ́rọ̀ lé e létí lórí ìborí rẹ̀, ó fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn, ó sì tẹ̀ ẹ́ fún un.